Ẹni Tí Oníbodè Mọ̀

Ní ọdún 2019, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, èmi àti Màmá àgbà lọ kí Àǹtí mi ní Amẹ́ríkà. Ìdájí ni a gbéra ní Bódìjà. A gba Ring Road já sí Challenge, a kọjá Toll Gate, a sì kọrí sí Ìkẹjà, nítorí pé kò sí ọkọ̀ òfurufú tó ń ti Alákìá nílé wa níbí gbé ènìyàn lọ sí Amẹ́ríkà. Bí a ti dé Toll Gate, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo ní, "Màmá, géètì náà dà?"

Màmá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, wọ́n ti hú u kúrò kí wọ́n tó bí ẹ." Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi pé nígbà kan, gbogbo ọkọ̀ tó bá ń gba títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978, ló gbọ́dọ̀ dúró níbẹ̀ san owó. Ìjọba Olóyè Ọbásanjọ́ ló wá wó irú géètì bẹ́ẹ̀ kúrò lójú títì. Géètì ti lọ, ṣùgbọ́n títí di òní, bí awakọ̀ bá ń pe èrò ní Challenge, "Toll Gate! Toll Gate!" náà ló ń pè.

Ọ̀rọ̀ géètì kò tán síbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí a ti wà lọ́dọ̀ Àǹtí, àwa mẹ́ta fẹ́ wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí ìlú mìíràn níbẹ̀ fún ìgbéyàwó ẹbí wa kan. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti ń yẹ ara àti ẹrù wò, ìlà méjì ló wà. Ọ̀kan gùn, ó lọ́ bí ejò. Èkejì kò ní ju ènìyàn mẹ́wàá lọ. Òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ wo tíkẹ́ẹ̀tì Àǹtí, ó ní kí èmi àti Àǹtí gba ìlà kúkúrú. Ó wo ti Màmá, ó sì nawọ́ sí ìlà gígùn. Àǹtí ní àwọn yóò bá Màmá tò, ṣùgbọ́n Màmá kọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ máa lọ, ìwọ àti ọmọ. Mo ti kọjá ẹnubodè tó ju èyí lọ."

Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí a fi kọjá. Mi ò bọ́ bàtà. Àǹtí kò yọ kọ̀ǹpútà nínú báàgì. A jókòó, a ń retí Màmá. Ogójì ìṣẹ́jú kọjá kí a tó rí wọn. Bàtà wọn wà lọ́wọ́, gèlè tí wọ́n fi ìdájí wé wà nínú báàgì, irun funfun wọn sì wà níta lójú gbogbo ayé. Màmá tó jẹ́ pé nínú ilé pàápàá, wọn kì í jẹ́ kí àlejò rí orí wọn láìwé nǹkan! Wọn kò bínú, wọn kò pariwo. Wọ́n jókòó, wọ́n wọ bàtà wọn, wọ́n wá bi Àǹtí léèrè pé, "Kí ni wọ́n mọ̀ nípa rẹ tí wọn kò mọ̀ nípa mi?"

Àǹtí dáhùn pé, "Màmá, orúkọ mi ló wà nínú ìwé wọn."

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè Màmá ti wà lọ́kàn mi. Ta ni oníbodè máa ń fọkàn tán, kí ló sì ń mú kí ó fọkàn tán an? Mo ti wá ìdáhùn rẹ̀ nínú ìtàn, mo sì rí i pé ìbéèrè náà ti pẹ́ ju ọkọ̀ òfurufú lọ.

Kí òyìnbó tó dé, ìlú Yorùbá tó bá ní odi ní ẹnubodè, ẹnubodè sì ní oníbodè. Oníbodè ló ń gba owó ibodè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, òun náà ló ń wo ojú àlejò kí ó tó jẹ́ kó wọlé. Ìbàdàn pàápàá ní tirẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1858, lásìkò Balógun Ìbíkúnlé, wọ́n mọ odi ńlá yí ìlú ká, Odi Ìbíkúnlé ni wọ́n sì ń pè é. Ẹnubodè wà lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, ojú ọ̀nà Ìjẹ̀bú, ojú ọ̀nà Ìwó àti ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Àgbowó tí mo ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́ lónìí, ẹ̀yìn odi ló wà nígbà náà.

Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn kọ́ ni oníbodè ń dá dúró bákan náà. Ní Ọ̀yọ́, Aláàfin ní àwọn ìránṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní ìlàrí. Samuel Johnson, tó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, ṣàlàyé nípa wọn. Wọ́n á fá apá kan orí ìlàrí, wọ́n á dá irun apá kejì sí, wọ́n á sín gbẹ́rẹ́ sí i lórí, wọ́n á sì fún un ní orúkọ tó ń kéde agbára ọba. Mádàríkàn jẹ́ ọ̀kan nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti rí orí yẹn mọ̀ pé ará ààfin ló ń bọ̀. Ta ni oníbodè náà tí yóò ní kí Mádàríkàn tú ẹrù sílẹ̀? Orí rẹ̀ ni pásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn olóyè máa ń fi ọ̀pá wọn, tàbí ohun mìíràn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ wọn, rán ìránṣẹ́, kí ẹni tí wọ́n rán an sí lè gbà pé òótọ́ ni iṣẹ́ tó jẹ́.

Àlejò náà lè jẹ nínú irú ìfọkàntán bẹ́ẹ̀. Ní ìparí ọdún 1825, òyìnbó arìnrìn-àjò kan, Hugh Clapperton, gbéra ní Badagry, ó sì dé Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù kìíní ọdún 1826. Ìlú dé ìlú ni wọ́n ń fà á lé ara wọn lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé pẹ̀lú gbogbo ẹrù tí àwọn rù, kò sí ohun tó tó ṣílè kan tó sọnù. Ta ló mọ Clapperton nílẹ̀ Yorùbá? Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ọba àti àwọn olóyè tó fọwọ́ sí ìrìn rẹ̀ ni àwọn ènìyàn mọ̀. Nítorí náà, láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ti rí báyìí: kì í ṣe ìwà rere ẹni ni oníbodè kọ́kọ́ ń wò. Ẹni tó dúró fún un ló ń wò.

Ọdún 1893 ni Ìbàdàn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Èkó. Ọkọ̀ ojú irin wọ ìlú wa ní ọdún 1901. Díẹ̀díẹ̀, odi wó, owó ibodè sì dópin. Ibodè wá kúrò lẹ́nu ìlú, ó bọ́ sí ààlà orílẹ̀-èdè, ìwé sì rọ́pò orí fífá.

Ibẹ̀ ni ìtàn Màmá àgbà fúnra wọn ti wọlé. Aṣọ ni wọ́n tà ní Gbági fún ọdún tó lé ní ọgbọ̀n, Kútọnù ni wọ́n sì ti ń kó o wá. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975, àwọn olórí orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tọwọ́ bọ ìwé ní Èkó, wọ́n sì dá ECOWAS sílẹ̀. Ní ọdún 1979, ní ìlú Dakar, wọ́n tún fi òfin kan lélẹ̀: ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn nínú ẹgbẹ́ náà láìgba físà, kó sì lo tó 90 ọjọ́, bó bá ti ní ìwé ìrìnnà àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́wọ́. Òfin yìí ló jẹ́ kí Màmá lè jí ní Ìbàdàn, kí wọ́n gba Sèmè kọjá, kí wọ́n sì na ọjà ní Kútọnù láìtọrọ físà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n sọ fún mi pé, "Ìwé ló ní kí n kọjá, ṣùgbọ́n ojú ni wọ́n fi mọ̀ mí. Bí mi ò bá kọjá fún oṣù kan, wọ́n á béèrè bóyá ara mi le." Ẹ rí i pé Màmá náà ti jẹ́ arìnrìn-àjò tí oníbodè fọkàn tán rí. Ìwé kan náà kọ́ ni ibodè méjèèjì ń kà.

Kí ló wá dé tí ti pápákọ̀ òfurufú fi le tó bẹ́ẹ̀? Ní Amẹ́ríkà, títí di ọdún 1972, ènìyàn lè rìn wọ ọkọ̀ òfurufú bí ẹni ń wọ bọ́ọ̀sì ní Dùgbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1968 sí 1972, àwọn ènìyàn fi ìbọn tàbí bọ́ǹbù halẹ̀ já ọkọ̀ òfurufú gbà níbẹ̀ nígbà tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, láti ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 1973, ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n máa yẹ gbogbo èrò àti ẹrù ọwọ́ wọn wò. Ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 ni wàhálà náà ga jù. Àwọn apániláyà fi ọkọ̀ òfurufú mẹ́rin pa ènìyàn tó tó 3,000. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni ìjọba dá àjọ TSA sílẹ̀ láti máa bójú tó ààbò ní pápákọ̀ òfurufú. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ọkùnrin kan fi bọ́ǹbù pamọ́ sínú bàtà wọ ọkọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ní kí èrò máa bọ́ bàtà nígbà náà. Ní ọdún 2006, àwọn ọlọ́pàá ní Lọ́ńdọ̀nù tú àṣírí àwọn tó fẹ́ fi omi inú ìgò ṣe bọ́ǹbù. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ kò fi lè gbé ìgò omi kọjá. Òfin kọ̀ọ̀kan ní ìtàn tirẹ̀. Ẹnìkan ló máa ń dá ọ̀ràn, gbogbo ayé ni yóò sì tò sórí ìlà.

Bí ìlà ti ń gùn sí i ni àwọn oníbodè òde òní ń ronú padà sí ọgbọ́n ìlàrí: ṣé dandan ni kí a máa yẹ gbogbo ènìyàn wò bákan náà? Láti ọdún 1993 ni Amẹ́ríkà ti dán ẹ̀rọ kan wò tó ń fi bí ọwọ́ ènìyàn ṣe rí dá àwọn tó máa ń wọlé léraléra mọ̀. Ní ọdún 2001, pápákọ̀ òfurufú Amsterdam bẹ̀rẹ̀ ètò tó ń fi ẹyinjú mọ èrò. Ní ọdún 2008, Amẹ́ríkà dá ètò Global Entry sílẹ̀ fún àwọn tó ń ti òkè òkun wọlé, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá ọdún 2011, PreCheck bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni Àǹtí mi ní.

Báyìí ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, yóò san owó, yóò tẹ̀ka. Ìjọba yóò wá yẹ ìtàn ayé rẹ̀ wò: ṣé ó ti dá ọ̀ràn rí, ṣé ó ti parọ́ fún aṣọ́bodè rí? Bí ó bá yege, wọn yóò fún un ní nọ́ńbà kan tí yóò máa hàn lórí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Ọmọ tí kò tíì ju ọdún 12 lọ lè bá òbí tàbí alágbàtọ́ tó ní nọ́ńbà náà kọjá, ìdí sì nìyẹn tí èmi fi rí ọ̀nà gbà lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe pé mo dára ju Màmá lọ. Abẹ́ orúkọ Àǹtí ni mo fara pamọ́ sí, bí Clapperton ṣe fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ ọba. Àlejò tó mú pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nìkan dání kò sì lè gba Global Entry, nítorí pé ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn tó ní ìwé ìgbélùú rẹ̀, àti àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè mélòó kan tó bá a ṣe àdéhùn ni ètò náà wà fún. Nàìjíríà kò sí lára wọn.

Nígbà tí mo dé ibí yìí nínú ìwádìí mi ni mo bá ohun tó dùn mí jù pàdé. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2009, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Nàìjíríà kan, Umar Farouk Abdulmutallab, tó gbéra láti Èkó, tó sì pààrọ̀ ọkọ̀ ní Amsterdam, gbìyànjú láti fi bọ́ǹbù tó fi pamọ́ sínú pátá rẹ̀ pa ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ sí Detroit run. Bọ́ǹbù náà kò ṣiṣẹ́ dáadáa, àwọn èrò sì gbá a mú. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ kò rántí nìyí: ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti lọ sí ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Abuja láti kìlọ̀ pé ẹ̀rù ọmọ òun ń ba òun. Wọ́n gbọ́, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, síbẹ̀ ọmọ náà wọ ọkọ̀.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 2010, Amẹ́ríkà gbé orúkọ orílẹ̀-èdè 14 jáde, ó ní kí wọ́n yẹ gbogbo ẹni tó bá mú pásípọ́ọ̀tù wọn dání wò láti orí dé ẹsẹ̀. Nàìjíríà wà lára wọn. Ìjọba wa fi ẹ̀hónú hàn. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, wọ́n pa ìlànà náà tì, wọ́n sì ní àwọn yóò máa wo ohun tí àwọn mọ̀ nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan dípò orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ẹ wò ó: bàbá kan sọ òtítọ́ nípa ọmọ tó bí, ẹni tó sọ fún kò fi ṣe nǹkan, àwọn ìyálọ́jà tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀ ni wọ́n wá ń ní kó gbé ọwọ́ sókè. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hùrùhẹrẹ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wá gbé oríyìn fún ará ilé tó kọ́kọ́ ké gbàjarè?

Ẹni tó ti wà lórí ìlà kúkúrú pàápàá, kó má rò pé tòun ti tán. Ní oṣù kejì ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà àti ìpínlẹ̀ New York ń jà lórí àkọsílẹ̀ àwọn awakọ̀. Ohun tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ni pé ó ní àwọn ará New York kò gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún Global Entry mọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbọ́dọ̀ tún tiwọn ṣe. Kò sẹ́ni tó sọ pé wọ́n hùwà burúkú. Erin méjì ló ń jà, koríko ló jìyà. Oṣù keje ni wọ́n tó dá a padà fún wọn. Èyí fi hàn mí pé ẹni tó ni ibodè ló ni ìfọkàntán náà. Ó yá ni ín ni, ìgbà tó bá wù ú ló lè gbà á padà.

Nítorí náà, ìdáhùn sí ìbéèrè Màmá nìyí. Kí ni wọ́n mọ̀ nípa Àǹtí tí wọn kò mọ̀ nípa Màmá? Wọ́n mọ àkọsílẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ìwà rẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Ọgbọ̀n ọdún tí Màmá fi kọjá Sèmè láìjí nǹkan ẹnikẹ́ni kò sí nínú ìwé kankan tí òṣìṣẹ́ yẹn lè ṣí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìlà kúkúrú ni ìlà àwọn ènìyàn rere, tàbí pé ìlà gígùn ni ti àwọn ènìyàn búburú. Ìlà àwọn tí a mọ̀ àti ìlà àwọn tí a kò tíì mọ̀ ni.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Ayé tí a ń lọ, àkọsílẹ̀ ni yóò máa ṣáájú wa dé ẹnubodè. Àwọn kan nínú wa ní ọjọ́ ìbí kan nínú ìwé ìbí, òmíràn nínú NIN, òmíràn nínú ìwé ìdánwò, nítorí bọ́ọ̀lù tàbí nítorí ilé ẹ̀kọ́. A máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí oníbodè bá fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wéra, kò ní rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forúkọ ọmọ yín sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá bí i, kí ẹ sì sọ òtítọ́ níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè wa náà ti ń bẹ̀rẹ̀: láti ọdún 2024, ẹnubodè tó ń fi ẹ̀rọ ka pásípọ́ọ̀tù àti ojú ọmọ Nàìjíríà tó ń bọ̀ wálé ti wà ní pápákọ̀ òfurufú Èkó àti Abuja. Orílẹ̀-èdè tó bá mọ àwọn ọmọ rẹ̀ dáadáa nìkan ló lè dúró fún wọn níwájú ẹlòmíràn, bí Aláàfin ti dúró fún ìlàrí rẹ̀.

Ní oṣù keje ọdún 2025, mo sáré wọ yàrá Màmá láti sọ fún wọn pé Amẹ́ríkà ti ní kí gbogbo èrò máa wọ bàtà wọn kọjá. Màmá wò mí, wọ́n ní, "Nígbà tí mo ti bọ́ tèmi tán!" A jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá sọ pé, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o rántí Toll Gate? Géètì kì í pẹ́ kí wọ́n tó hú u. Orúkọ ló máa ń kù. Tọ́jú tìrẹ."